Ṣé kí n pààrọ̀ pánẹ́ẹ̀lì láàpútọ́ọ̀pù mi, àbí kí n ra òmíràn?

Ìbéèrè (olùkọ́ kan ní Ìyàrá):

Okun o, ẹ̀yin ará. Kọ̀ǹpútà àgbélétan HP EliteBook 840 G3 ni mo ń lò láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Tòkúnbọ̀ ni mo rà á, prósẹ́sọ̀ Intel i5 ìran kẹfà, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, ló sì wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, mò ń tẹ ìbéèrè ìdánwò lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n mú iná lọ. A tan jẹnẹrétọ̀, kò pẹ́ tí iná tún dé, a sì yí i padà. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ náà kò ti tàn mọ́. Bí mo bá ki ṣájà bọ̀ ọ́, iná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ṣájà kì í yọjú. Atúnṣe tí mo gbé e lọ fún wò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti kú. Ó ní òun lè bá mi wá òmíràn, àti pé bí mo bá fi owó díẹ̀ kún un, òun á kúkú fi ti i7 sí i, kí ó lè yára kí ó sì lè gba Windows 11. Ṣé lóòótọ́ ni pánẹ́ẹ̀lì náà ti kú? Ṣé a lè fi èyí tó lágbára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀? Ṣé owó mi kò ní ṣòfò?

———

Èsì mi, àkọ́kọ́

Tíṣà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tó láti fi kéde ikú pánẹ́ẹ̀lì. Ó ti tó ọdún mẹ́tàlá tí mo ti ń tú ẹ̀rọ báyìí ní Kàbà, èyí tó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ti gbé wá fún mi pé mọ́dàbọ́ọ̀dù wọn (pátákó ńlá inú ẹ̀rọ tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́), tí àwa atúnṣe ń pè ní pánẹ́ẹ̀lì, ti kú ni mo bá láàyè. “Pánẹ́ẹ̀lì ti kú” ti di ohun tí atúnṣe máa ń sọ nígbà tí kò bá tíì mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ìdí tí mo fi ń ṣiyèméjì nìyí. Ṣájà ló ń gba iná ilé, òun ló ń sọ ọ́ di èyí tí pánẹ́ẹ̀lì lè gbà sára. Ti ẹ̀rọ yín, fóólìtì 19.5 ló ń gbé jáde. Ara ṣájà ojúlówó ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí pé ó lè gba iná láti fóólìtì 100 dé 240. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wá tu iná tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣájà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ sí i, kí ọ̀rọ̀ tó kan ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo ẹnu ṣájà yín dáadáa, èyí tó ní àwọ̀ búlúù lẹ́nu: abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan wà láàárín rẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń mọ irú ṣájà tí a kì bọ̀ ọ́. Bí abẹ́rẹ́ náà bá tẹ̀, tàbí tó ti fọ́ sínú, ẹ̀rọ lè kọ̀ láti gba iná, bẹ́ẹ̀ pánẹ́ẹ̀lì kò ní àrùn kankan.

Nítorí náà, ẹ yá ṣájà irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ẹ fi dán an wò. Bí kò bá tàn, ẹ tú ìdí ẹ̀rọ náà, ẹ yọ wáyà bátìrì kúrò lára pánẹ́ẹ̀lì, ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ tó wá ki ṣájà nìkan bọ̀ ọ́. Bí ó bá tún dákẹ́, ẹ yọ RAM (ẹ̀yà ìrántí ìgbà díẹ̀ ẹ̀rọ) méjèèjì, ẹ fi ẹyọ kan padà sí ojú kan, lẹ́yìn náà sí ojú kejì. Bí iná ìkọ lẹ́tà ńlá tó wà lórí kíbọọ̀dù bá ń ṣẹ́jú, ẹ ka iye ìgbà tó ń ṣẹ́ ẹ, nítorí pé èdè ni HP fi ń bá atúnṣe sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bákan náà, nínú ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù HP, ojú tí a ń ki ṣájà bọ̀ ní wáyà tirẹ̀, a lè yọ ọ́ kí a fi òmíràn sí i ní owó tí kò tó nǹkan.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí kò sì yọrí sí rere, ẹ gbé e wá sí Kàbà kí n fi mítà wọ̀n ọ́.

———

Èsì mi, kejì: ọ̀rọ̀ i7 àti Windows 11

Ibí yìí ni inú ti ń bí mi díẹ̀, nítorí pé orúkọ ni wọ́n fẹ́ tà fún yín. Ìran kẹfà Intel ni gbogbo pánẹ́ẹ̀lì tí HP ṣe fún 840 G3. Ó ṣeé ṣe kí ti yín jẹ́ i5-6300U. Èyí tó ga jù nínú ọ̀wọ́ náà ni i7-6600U. Core (ẹ̀ka tó ń ṣe iṣẹ́ nínú prósẹ́sọ̀) méjì ni èkíní ní, core méjì náà ni èkejì ní. Èkíní ń sáré láti GHz 2.4 dé 3.0, èkejì láti 2.6 dé 3.4. Ẹni tó ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, tó sì ń ro máàkì akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ nínú Excel, kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn àfi tí a bá sọ fún un.

Ní ti Windows 11, láti ìran kẹjọ Intel ni àwọn tí Microsoft gbà wọlé ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń béèrè TPM 2.0, ẹ̀yà tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò ẹ̀rọ, pẹ̀lú rẹ̀. Kì í ṣe i5 tàbí i7 ni wọ́n ń wò, ìran ni wọ́n ń wò. I7 ìran kẹfà wà níta ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú i5 ìran kẹfà. Òótọ́ ni pé Microsoft ti dẹ́kun àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, òótọ́ sì ni pé àwọn kan ń gba ẹ̀yìnkùlé fi Windows 11 sórí ẹ̀rọ tí kò kún ojú òṣùwọ̀n. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Microsoft kò bá wọn ṣe àdéhùn pé ìmúdójúìwọ̀n kò ní dá dúró lọ́jọ́ kan. Pánẹ́ẹ̀lì i7 náà kò yí èyí padà rárá.

Bóyá ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí a kò fi ní mú pánẹ́ẹ̀lì 840 G5, tí òun jẹ́ ìran kẹjọ, kí a fi sínú ara G3. Kò lè wọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní òfin tó jọ ń darí wọn: láti ọdún 1995 ni Intel ti gbé ìlànà ATX jáde, ó sì sọ ibi tí ihò súkúrù gbọ́dọ̀ wà, nítorí náà a lè yọ pánẹ́ẹ̀lì ilé-iṣẹ́ kan kí a fi ti òmíràn sí i. Láàpútọ́ọ̀pù kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe ara ló ṣe pánẹ́ẹ̀lì tí yóò bá ara náà mu: ibi tí ojú USB ń yọ sí, ibi tí fáànù jókòó, gígùn wáyà ojú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ṣe pàtó fún un. Nínú àwọn tó fẹ́lẹ́ báyìí, prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti fi òjé jó mọ́ pánẹ́ẹ̀lì, a kò lè yọ ọ́ bí ẹni yọ RAM.

Bí ìyára ni ẹ ń wá, RAM àti SSD (ibi ìpamọ́ tí kò ní ohun tó ń yí nínú) ni kí ẹ náwó lé. Ojú RAM DDR4 méjì ló wà nínú G3 yín, àyè SSD sì wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi háàdì dísìkì tó ń yí ṣiṣẹ́, bí a bá fi SSD rọ́pò rẹ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò nílò àlàyé.

———

Ẹnìkan láti Ìsánlú dá sí i: Ọ̀gá, ẹ ń mú ọ̀rọ̀ gùn. Èmi fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ ti tèmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́dún tó kọjá, ó sì jí. Kí Tíṣà ṣe bẹ́ẹ̀.

Èsì mi, kẹta

Mo gbà pé ó jí. Oṣù mélòó ni ó lò lẹ́yìn náà? Ẹ kò sọ ìyẹn.

Ìgbà kan wà tí gbogbo ayé ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2008, Nvidia jẹ́wọ́ pé àwọn ẹ̀rọ àwòrán òun kan tó wà nínú láàpútọ́ọ̀pù ń bàjẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì ya mílíọ̀nù dọ́là tó tó 196 sọ́tọ̀ láti fi ṣe ìtúnṣe wọn. HP Pavilion dv6000 àti dv9000 wà lára àwọn tó fara gbá a. Ooru ló ń mú kí àwọn òjé kéékèèké tó wà láàárín ara ẹ̀rọ àwòrán náà sán. Bí a bá wá fi ooru lù ú, á fara kàn án padà fún ìgbà díẹ̀, á sì tún sán. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo fẹ́ irú rẹ̀ tó pọ̀, mo sì gba owó lórí rẹ̀. Àwọn oníbàárà padà wá. Ojú tì mí.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí ohun tó fi hàn pé òjé sísán ni àrùn ẹ̀rọ Tíṣà. Èyí tó bá kú lẹ́yìn tí iná yí padà, níbi tí iná ń wọlé ni a ti ń wá a. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé a ó rọra fi fóólìtì kékeré bọ ojú ọ̀nà iná náà láti orí ẹ̀rọ tí a lè fi ọwọ́ darí, a ó sì da spírítì díẹ̀ lé pánẹ́ẹ̀lì. Ibi tí spírítì bá ti kọ́kọ́ gbẹ, ibẹ̀ ló ń gbóná, ibẹ̀ ni iná ti ń jò sílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kápásítọ̀ kan ṣoṣo tí kò tó ìdajì ẹyọ ìrẹsì ni yóò jẹ́. A ó yọ ọ́, ẹ̀rọ á sì tàn. Ẹni tó bá ti fi afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti sọ iṣẹ́ wákàtí kan di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ má bínú tí mo bá yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀kan wá fún mi láti apá Bùnú pé pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti kú. Nígbà tí mo tú u, èèrà ti kó iyẹ̀pẹ̀ kún abẹ́ fáànù rẹ̀, ẹyin wọn funfun gbòò níbẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti spírítì ni mo fi wò ó sàn.

———

Bàbá kan láti Ẹ̀gbẹ̀ kọ ọ́ pé: Owó tí ẹ ó fi máa wá pánẹ́ẹ̀lì kiri, ẹ kó o jọ kí ẹ fi ra òmíràn. Ẹ̀rọ tó ti kú lẹ́ẹ̀kan á tún kú.

Èsì mi, kẹrin

Bàbá, mo gbọ́ yín, ọ̀rọ̀ yín sì jẹ́ òótọ́ ju bí ọ̀pọ̀ atúnṣe ṣe máa fẹ́ gbà lọ. Ìṣirò tí èmi máa ń ṣe fún oníbàárà rọrùn: ẹ mú iye tí wọ́n ń ta tòkúnbọ̀ irú ẹ̀rọ yẹn gan-an, tó ń ṣiṣẹ́, lónìí. Bí owó pánẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú owó iṣẹ́ bá ti kọjá ìdajì rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Nítorí pé bí pánẹ́ẹ̀lì bá tilẹ̀ jẹ́ tuntun, bátìrì ṣì ti gbó, ìdè ojú rẹ̀ ti dẹ̀, kíbọọ̀dù rẹ̀ náà ti ń já létí.

Ohun tí mo fi yàtọ̀ sí yín ni pé tòkúnbọ̀ tí ẹ fẹ́ rà náà ní ìtàn tirẹ̀ tí ẹ kò mọ̀. Tíṣà mọ ọdún mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìgbésí ayé ti ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ níbí, òun ni mo sì fara mọ́ jù lọ. Ẹ má ra pánẹ́ẹ̀lì lásán. Ẹ wá 840 G3 mìíràn tí ojú rẹ̀ fọ́, tàbí tí ìdí rẹ̀ sán, ṣùgbọ́n tó ń tàn. Irú rẹ̀ wà nílẹ̀ ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra ẹ̀rọ àfọ́kù, olówó rẹ̀ sì máa ń fẹ́ kí ẹnìkan gbé e kúrò níwájú òun. Ẹ ó ríi kí ó tàn lójú yín, nítorí pé bí ojú rẹ̀ bá tilẹ̀ fọ́, a lè so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n tàbí ojú mìíràn. Pánẹ́ẹ̀lì á bá fáànù àti irin ìtutù rẹ̀ wá. RAM á wà nínú rẹ̀. Bí kíbọọ̀dù rẹ̀ bá sàn ju ti yín lọ, ẹ yọ ìyẹn náà.

———

Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Odò-Ẹrẹ̀: Ẹ̀gbọ́n, mo kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé láàpútọ́ọ̀pù kan wà tí èèyàn lè pààrọ̀ pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sí tuntun. Wọ́n tún ní prósẹ́sọ̀ ThinkPad T440p ṣeé yọ. Ṣé irọ́ ni?

Èsì mi, karùn-ún

Àbúrò, òótọ́ ni méjèèjì. Ọdún 2021 ni ilé-iṣẹ́ Framework ní Amẹ́ríkà gbé tirẹ̀ jáde, wọ́n sì ń ṣe pánẹ́ẹ̀lì ìran tuntun tó ń wọ ara ti àtijọ́, ti Intel àti ti AMD. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ló yẹ kí gbogbo wọn rí. Ṣùgbọ́n èmi kò tíì fi ojú mi rí ọ̀kan ní Kàbà, n kò sì ní gbà ọ́ nímọ̀ràn láti wá èyí tí o kò ní rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà nítòsí.

T440p wà lára àwọn tó kẹ́yìn tí prósẹ́sọ̀ wọn kò lẹ̀ mọ́ pánẹ́ẹ̀lì; ìran kẹrin Intel ni. Láti ìran karùn-ún ni Intel ti dẹ́kun ṣíṣe èyí tó ṣeé yọ fún láàpútọ́ọ̀pù gbogbogbòò. Bí o bá ní T440p lọ́wọ́, prósẹ́sọ̀ rẹ̀ ni kí o pààrọ̀, má fọwọ́ kan pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Àmọ́ kí o tó ra èyí tó ní core mẹ́rin, rántí pé ooru rẹ̀ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, o sì lè ní láti pààrọ̀ irin ìtutù pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Tíṣà.

———

Olùbéèrè padà wá: Mo ti gbé e lọ sí Kàbà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ sọ ohun tó rí.

Èsì mi, kẹfà

Pánẹ́ẹ̀lì náà ti kú. Mo ní láti sọ ọ́ síbí, nítorí pé ibí yìí náà ni mo ti ń bu atúnṣe yẹn kù pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tó.

Ojú ṣájà pé. Bátìrì pé. Mosfet kan, nínú àwọn tó ń dín iná kù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ prósẹ́sọ̀, ló jó. Nígbà tó jó, kò já, ńṣe ló lẹ̀ pọ̀, fóólìtì 19 sì gba inú rẹ̀ kọjá lọ síbi tí kò yẹ kí ó ju fóólìtì kan àti díẹ̀ lọ. Mo lè pààrọ̀ mosfet. N kò lè jí prósẹ́sọ̀ tó ti mu iná bẹ́ẹ̀. Àmì jíjó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò tó orí abẹ́rẹ́, abẹ́ gíláàsì ni mo ti rí i. Bóyá ojú atúnṣe yẹn ló mú ju tèmi lọ, bóyá ó sì sọ ọ́ lásán tó bọ́ sí i. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, òun ló sọ òótọ́.

Ọ̀rọ̀ i7 nìkan ni n kò kó padà.

Mo tún wọn ṣájà náà. Ayédèrú ni. Dípò kí ó dúró lójú kan, ńṣe ni mítà ń fò láàárín 14 àti 23. Nítorí náà, Tíṣà, ẹ má ṣe ki ṣájà yẹn bọ ẹ̀rọ kankan mọ́, kódà bí ẹ bá rí pánẹ́ẹ̀lì tuntun.

———

Olùbéèrè: Ẹnìkan ní Lọ́kọ́ja ní 840 G3 tó fọ́ lójú. Ọ̀rẹ́ mi kan sì ní òun lè bá mi gba pánẹ́ẹ̀lì lásán láti Computer Village ní Ìkẹjà, kí wọ́n fi wéébíìlì ránṣẹ́ sí gáréèjì Kàbà. Ti Ìkẹjà ló wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó mọ́.

Èsì mi, keje

Èyí tí ẹ lè fi ojú yín rí kí ó tàn ni kí ẹ rà, níbi yòówù kí ó wà. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo sanwó pánẹ́ẹ̀lì EliteBook kan sí ìsọ̀ kan ní ìlú ńlá, mo sì dúró dè é ní gáréèjì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó dé pẹ̀lú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé e. Mo fi sí i, ó tàn, inú mi dùn. Àfi bí ó ṣe béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé alábòójútó tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi tì í. Mo yọ bátìrì kékeré ara rẹ̀, mo fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, mo dá a padà, ó ṣì ń béèrè. Nínú láàpútọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣe fún ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ ìwọlé náà kò sí lọ́dọ̀ bátìrì yẹn. Inú ẹ̀rọ ìrántí tí kì í gbàgbé ló wà. Mo pe olùtajà, ó ní òun kì í gba ọjà padà. Pánẹ́ẹ̀lì náà ṣì wà lára ògiri ìsọ̀ mi, mo fi ìṣó kàn án.

Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ ra èyí tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ẹ ní kí wọ́n ya fídíò rẹ̀ níbi tó ti ń wọ inú BIOS, ètò tó kọ́kọ́ ń jí bí a bá tan ẹ̀rọ, láìbéèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé, kí wọ́n sì kọ déètì ọjọ́ náà sórí ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ya ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Bí àwọn ike tó wà nítòsí prósẹ́sọ̀ bá ti pọ́n, tàbí tí ohun kan tó ń dán bí oje igi bá gbẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ti fi ooru fẹ́ ẹ rí. Ẹ má fi orúkọ ẹ̀rọ nìkan rajà. Nọ́ńbà tí HP lẹ̀ mọ́ pánẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ fi wá a, nọ́ńbà mẹ́fà, ìlà kékeré, nọ́ńbà mẹ́ta. Dell máa ń kọ DP/N sí tirẹ̀, Lenovo máa ń kọ FRU.

Ẹ lọ sí Lọ́kọ́ja. Ẹ mú ṣájà ojúlówó dání.

———

Èsì mi, kẹjọ: nítorí àwọn tó fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe é

Tíṣà ní òun fẹ́ tú méjèèjì fúnra òun, kí n máa wò. Mo gbà, mo sì kọ ohun tí mo sọ fún wọn síbí nítorí ẹlòmíràn.

Bátìrì ni a kọ́kọ́ ń yọ, kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun. Àsìkò ọyẹ́ la wà. Bí a bá bọ́ ẹ̀wù ọ̀rá lóru, a máa ń gbọ́ bó ṣe ń ta pàrà pàrà. Iná yẹn kan náà lè jáde láti orí ìka wá pa ẹ̀rọ kéékèèké láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n lára. Ẹ bọ́ ẹ̀wù ọ̀rá, ẹ fọwọ́ kan irin fèrèsé kí ẹ tó jókòó tì í, ẹ má sì ṣe iṣẹ́ náà lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Páálí ẹyin ni mo fi ń kó súkúrù. Ojú kan fún ìdí ẹ̀rọ, ojú kan fún fáànù, ojú kan fún pánẹ́ẹ̀lì, nítorí pé gígùn wọn kò dọ́gba. Tíṣà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi èyí tó gùn sí ihò èyí tó kúrú. Mo di ọwọ́ wọn mú. Súkúrù gígùn tí a bá fi agbára yí wọlé á gún pánẹ́ẹ̀lì láti abẹ́, á gé ojú ọ̀nà iná tó tín-ín-rín ju irun lọ, owó á sì tún ṣòfò.

Àwọn wáyà pẹlẹbẹ ti kíbọọ̀dù ní ilẹ̀kùn kékeré tí a ń fi èékánná gbé sókè kí a tó fà wọ́n. Ẹ má kàn fà á. Bí ẹ bá ti ṣí irin ìtutù kúrò lórí prósẹ́sọ̀, ẹ nu ìpara ìtutù àtijọ́ tó ti gan kúrò pẹ̀lú spírítì títí yóò fi dán, kí ẹ tó fi tuntun tó ìwọ̀n ẹyọ ìrẹsì kan sí i.

———

Olùbéèrè: Ó tàn! Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ náà kò pé, lẹ́yìn náà ni ojú búlúù kan yọ, ó ń béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker. Èmi kò fi kọ́kọ́rọ́ kankan tì í rí. Gbogbo ìbéèrè ìdánwò ló wà nínú rẹ̀.

Èsì mi, kẹsàn-án

Ti àkọ́kọ́ kò léwu. HP máa ń kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ sínú pánẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó ta a fún yín ti pa ti tirẹ̀ rẹ́. A lè tẹ ti ìdí ẹ̀rọ yín sí i ní ọjọ́ mìíràn. Windows fúnra rẹ̀ lè ní kí ẹ tún fi ara yín hàn, nítorí pé pánẹ́ẹ̀lì ni ìwé àṣẹ rẹ̀ so mọ́.

Ti kejì ni kí ẹ fara balẹ̀ fún. SSD yín wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí i lójoojúmọ́ sì wà lára pánẹ́ẹ̀lì tó kú. Ẹ̀rọ náà rí i pé òun ti bá ara òun nínú ilé àjèjì, ìdí nìyẹn tó fi ń béèrè nọ́ńbà 48. Ẹ má tẹ ohun tó bá ní kí ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ fi fóònù wọ àkáǹtì Microsoft tí wọ́n fi ṣí Windows náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kọ́kọ́rọ́ náà sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ fi lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́jọ àkọ́kọ́ tó wà lójú ẹ̀rọ wé ti inú àkáǹtì náà. Bí méjèèjì bá bára mu, òun ni.

Olùbéèrè: Kò sí nínú ímeèlì tèmi.

Èsì mi: Ta ló bá yín ṣí i nígbà tí ẹ kọ́kọ́ rà á?

Olùbéèrè: Àbúrò mi tó wà ní Ìlọrin. Mo ti pè é. Ó ti rí i, ó ń kà á fún mi lórí fóònù báyìí, a ti dé nọ́ńbà kẹtàlélógún.

Èsì mi: Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe ń kà á, kì í ṣe sínú láàpútọ́ọ̀pù. Bí ó bá ti wọlé, ẹ da ìbéèrè ìdánwò sórí fíláàṣì kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.